Ẹ Jẹ́ Kí Manga Wọ Àpápá: Lẹ́tà Ṣíṣí sí Àwọn Atẹ̀wé ní Tokyo

Sí àwọn aláṣẹ Shueisha, Kodansha àti Shogakukan, ní Tokyo, ilẹ̀ Japan.

Ẹ̀yin ọ̀gá mi,

Àwọn ọmọ wa lè má mọ orúkọ ilé-iṣẹ́ yín, ṣùgbọ́n iṣẹ́ ọwọ́ yín kì í ṣe àjèjì sí wọn. Ní Mushin, ní Bódìjà, ní Òṣogbo, ẹ ó rí ọmọ girama tó lè ka orúkọ gbogbo àwọn tó wà nínú ọkọ̀ ojú omi Luffy inú One Piece fún yín láì dánu dúró. Ẹ ó rí èyí tó ti ya Goku inú Dragon Ball kún ẹ̀yìn ìwé ìṣirò rẹ̀ títí tí tíṣà fi gba ìwé náà lọ́wọ́ rẹ̀. Wọ́n mọ ìtàn náà tinú tẹ̀yìn. Ìwé tí ìtàn ọ̀hún wà nínú rẹ̀ ni ọ̀pọ̀ wọn kò fọwọ́ kàn rí.

Ìdí tí mo fi ń kọ lẹ́tà yìí nìyẹn, gbangba ni mo sì kọ ọ́ sí, kí àwọn olùtàwé wa àti àwọn aláṣẹ ilé-ìkàwé wa lè bá yín kà á. Èèyàn tó wà ní Nàìjíríà ju mílíọ̀nù 200 lọ. Nínú gbogbo èèyàn yìí, ẹni tó lówó lọ́wọ́, tó fẹ́ ra manga, ìwé ìtàn alàwòrán ilẹ̀ Japan, tí wọ́n tẹ̀ sórí pépà, kì í sábà mọ ibi tí yóò gbà. Àwọn ìsọ̀ ìwé mélòó kan wà ní Èkó àti Àbújá tí wọ́n ń kó díẹ̀díẹ̀ wọlé. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn, nítorí iṣẹ́ ìfẹ́ ni wọ́n ń ṣe. Ṣùgbọ́n ẹni tó wà ní Ìlọrin, ní Adó-Èkìtì, ní Ṣakí ńkọ́?

N kò ní purọ́ fún yín. Orí fóònù ni àwọn ọmọ wa ti ń kà á, ọ̀pọ̀ ibi tí wọ́n sì ti ń rí i kà, ẹ̀yin kọ́ lẹ fọwọ́ sí i. Ẹ̀yin náà kúkú mọ̀. Ẹ gbógun ti Mangamura, ìkànnì tó ń gbé manga síta láì gbàṣẹ, títí ó fi kógbá wọlé ní 2018, nígbà tó sì di 2024, ilé-ẹjọ́ kan ní Tokyo ní kí ẹni tó dá a sílẹ̀ san 1.7 bílíọ̀nù yen owó gbà-máà-bínú fún Shueisha, Shogakukan àti Kadokawa. Ẹ̀tọ́ yín lẹ jà fún. Ẹni tó yàwòrán títí ilẹ̀ fi mọ́ kò gbọdọ̀ ṣiṣẹ́ gbé. Ohun tí mo fẹ́ béèrè ni pé, lẹ́yìn tí ẹ ti ilẹ̀kùn yẹn, èwo lẹ ṣí fún ọmọ Nàìjíríà? Áàpù MANGA Plus tí Shueisha gbé jáde ní oṣù Kìíní ọdún 2019 ṣí sílẹ̀ fún wa, ọpẹ́ ni fún yín. Ṣùgbọ́n nígbà tí Viz, ilé-iṣẹ́ atẹ̀wé tí Shueisha àti Shogakukan ní ìpín nínú rẹ̀ ní Amẹ́ríkà, bẹ̀rẹ̀ ètò Shonen Jump olówó póókú tiẹ̀ ní oṣù Kejìlá 2018, South Africa nìkan ni wọ́n mú ní gbogbo ilẹ̀ Áfíríkà.

Bó bá tiẹ̀ jẹ́ pé gbogbo rẹ̀ lẹ ṣí fún wa lórí fóònù, fóònù kò lè ṣe iṣẹ́ ìwé tán. Ní oṣù Kìíní 2025, àjọ tó ń mójú tó ìbánisọ̀rọ̀ lórílẹ̀-èdè yìí gba àwọn ilé-iṣẹ́ fóònù láyè láti fi tó ìdá àádọ́ta nínú ọgọ́rùn-ún lé owó wọn. Ọmọ tó ń tu owó jọ ra dátà kò lè fi ṣòfò lórí àwòrán. Iná mànàmáná kò dúró sójú kan, bátìrì a sì kú síbi tí ìtàn ti dùn. Àwòrán tí ayàwòrán yín nà kọjá ojú-ìwé méjì kí ìjà náà lè hàn délẹ̀délẹ̀, ojú fóònù á gé e sí wẹ́wẹ́. Lékè gbogbo rẹ̀, kò sí ọmọ tí yóò yá ọ̀rẹ́ rẹ̀ ní fóònù fún ọ̀sẹ̀ kan. Ìwé ṣe é yá.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ti ìwé kan tí mo mọ̀ dáadáa fún yín. Ìdìpọ̀ kìíní Naruto ni. London ni àǹtí ọmọ kan ti rà á, inú báàgì ló gbé e bọ̀ nígbà tó ń bọ̀ wálé ọdún. Ní òní, kò sí ẹni tó lè rí àwòrán iwájú rẹ̀ mọ́, nítorí wọ́n ti fi kàléńdà àtijọ́ bò ó bí a ṣe ń bo ìwé ilé-ẹ̀kọ́ ní sáà tuntun. Ẹ̀yìn rẹ̀ ti ya, wọ́n ti fi sẹ́lótéèpù dì í, sẹ́lótéèpù náà ti pọ́n. Nínú èèpo rẹ̀, orúkọ àwọn tó yá a tò láti òkè dé ilẹ̀, ọjọ́ tí kálukú gbọ́dọ̀ dá a padà wà níwájú orúkọ rẹ̀, wọ́n sì ti fi pupa fa ìlà sídìí orúkọ àwọn tó pẹ́ kí wọ́n tó dá a padà. Wọ́n ṣètò rẹ̀ ju bí ilé-ìkàwé mìíràn ṣe ń ṣètò tiẹ̀ lọ. Ìdìpọ̀ 72 ni Naruto. Àwọn ọmọ yẹn kò rí ìkejì fi ojú gán-án-ní lórí pépà.

Èyí tó bá ṣèèṣì dé ọ̀dọ̀ wa, àárín ìwé tòkunbọ̀ la ti ń rí i. Ẹ lọ sábẹ́ bíríìjì níbi tí wọ́n ti ń pàtẹ ìwé ìlò-kejì, ẹ ó rí ìdìpọ̀ kẹrìnlá ìtàn kan, ẹ ó rí ìkọkànlélọ́gbọ̀n òmíràn, gbogbo rẹ̀ á wà láàárín ìwé sáyẹ́ǹsì àti ìwé àdúrà. Mo ti rí ẹni tó ń ta irú ìwé bẹ́ẹ̀ tó ṣí i wò, tó rí i pé ọ̀tún ni ìtàn ti bẹ̀rẹ̀, tó sì sọ fún oníbàárà pé wọ́n di ìwé náà sódì, kó mú owó tó bá ní wá. Kò mọ ohun tó ń tà, nítorí kò sí ẹni tó gbé e dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ lọ́nà tó tọ́ rí.

Tó bá wá kan owó, ọ̀rọ̀ di ẹtì. Nǹkan bíi dọ́là 10 sí 12 ni ìdìpọ̀ kan ní Amẹ́ríkà. Bí a bá ṣírò dọ́là kan sí ₦1,500, ₦15,000 ni èyí tó rọjú jù, láì tíì ka owó ọkọ̀ àti èrè olùtàwé. Owó oṣù tó kéré jù tí ìjọba fọwọ́ sí fún òṣìṣẹ́ ní 2024 jẹ́ ₦70,000. Ìdìpọ̀ márùn-ún péré, owó oṣù ti tán, gbèsè ti kù. Ní ọ̀dọ̀ yín, owó tó lé díẹ̀ ní 500 yen ni ìdìpọ̀ kan, ìyẹn kò sì tó dọ́là márùn-ún.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má bínú bí mo bá fi ìtàn ilé yín rán yín létí. Manga kò di ńlá ní Japan nípa ọ̀wọ́n. Ní 1947, kété lẹ́yìn ogun, nígbà tí ebi ṣì ń pa ìlú, Tezuka Osamu tó jẹ́ ọmọ ọdún méjìdínlógún, tó ń kẹ́kọ̀ọ́ ìṣègùn, gbé Shin Takarajima jáde ní Osaka pẹ̀lú Sakai Shichima. Ọ̀kan nínú àwọn ìwé pẹlẹbẹ tí wọ́n ń pè ní akahon ni. Pépà wọn kò dán, inki pupa ló pọ̀ lára èèpo wọn, ibi tí ọmọdé ti ń ra súìtì àti ohun ìṣeré ni wọ́n ti ń tà wọ́n. Ibi tí owó ọmọdé ká ni wọ́n gbé ìwé náà lọ, ó sì tà wàràwàrà.

Lẹ́yìn ìyẹn ni àwọn ìsọ̀ kashihon gbilẹ̀, àwọn ìsọ̀ tó ń fi ìwé háyà. Ní àwọn ọdún 1950, wọ́n wà káàkiri ọ̀pọ̀ àdúgbò. Ẹni tí kò lágbára àtirà á á san yen díẹ̀, á gbé ìwé relé, á kà á tán, á dá a padà, ẹlòmíràn á gbé e. Àwọn ìsọ̀ yẹn ló bọ́ ayàwòrán Mizuki Shigeru, ẹni tí ọwọ́ òsì rẹ̀ gé lójú ogun, kí àwọn ìwé ìròyìn ńlá tó mọyì rẹ̀. Ní ọjọ́ 17 oṣù Kẹta 1959, Kodansha gbé Shōnen Magazine jáde, Shogakukan gbé Shōnen Sunday jáde, ọjọ́ kan náà ni àwọn méjèèjì jọ bọ́ sí ìgboro. Jump ti Shueisha dé ní 1968. Nígbà tí 1994 fi ń parí lọ, Jump ń tẹ ẹ̀dà mílíọ̀nù 6.53 lọ́sẹ̀ kan ṣoṣo. Pépà àtúnlò ni wọ́n fi ń tẹ̀ ẹ́, ó rí hẹrẹhẹrẹ lọ́wọ́, àwọn èèyàn a kà á nínú ọkọ̀ ojú irin, wọ́n a sì fi í sílẹ̀ fún ẹni tó ń bọ̀ lẹ́yìn. Títí di òní, ẹni tó wọ ìsọ̀ kékeré ẹ̀gbẹ́ títì lọ ra ìrẹsì àti tíì á rí Jump níbẹ̀.

Ìwé tó rọjú, tó sì wà nítòsí. Ohun tí ẹ ṣe fún àwọn ọmọ yín nìyẹn nígbà tí ìlú kò rọgbọ. Ohun tí a ń bẹ̀ yín fún náà nìyẹn.

Ẹ má sì rò pé a kì í ra ìwé alàwòrán. Àwọn òbí wa ra Atọ́ka, tí wọ́n ń fi fọ́tò àwọn òṣèré tíátà sọ ìtàn, tí ọ̀rọ̀ wọn á wà lórí àwòrán, débi pé ẹni tí kò ka ìwé jìnnà náà ń kà á. Ní 1976, Wale Adenuga bẹ̀rẹ̀ Ikebe Super. Àwọn fẹ́ńdọ̀ a tẹ́ ẹ sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìwé ìròyìn ní ibùdókọ̀, àwọn èèyàn a dúró kà á lófèé títí fẹ́ńdọ̀ á fi lé wọn. Inú rẹ̀ ni Papa Ajasco ti jáde wá, kó tó di eré orí tẹlifíṣọ̀n tí gbogbo Nàìjíríà mọ̀. Àwọn fẹ́ńdọ̀ yẹn ṣì wà. Wọ́n ṣì ń dúró ní Ojúẹlẹ́gbà àti ní Dùgbẹ̀ láàárọ̀. Ọjà tí wọn yóò tà ló ń dín kù.

Ẹ wo Brazil. Ìsọ̀ ìwé ìròyìn ẹ̀gbẹ́ títì, tí wọ́n ń pè ní banca, ni manga gbà wọ ọwọ́ àwọn ọ̀dọ́ ibẹ̀ nígbà tí atẹ̀wé Conrad gbé Dragon Ball jáde níparí ọdún 2000. Àwọn ọmọ ilẹ̀ Japan ti ń gbé ibẹ̀ láti ìgbà tí ọkọ̀ Kasato Maru ti gúnlẹ̀ ní 1908, òótọ́ ni, ṣùgbọ́n kì í ṣe ọmọ Japan nìkan ló ń dúró nídìí banca. Ní Faransé, atẹ̀wé Glénat tẹ Akira ní 1990, ó tẹ Dragon Ball ní 1993, wọ́n sì ń tà á títí dé inú ọjà ńlá tí wọ́n ti ń ra wàrà àti ọṣẹ. Ní 2021, ìjọba ibẹ̀ fún ọmọ ọdún méjìdínlógún kọ̀ọ̀kan ní 300 yúrò láti fi ra ohun tó jẹ mọ́ àṣà, àwọn ọmọ sì fi ra manga tó bẹ́ẹ̀ tí àwọn oníròyìn fi orúkọ manga pe owó náà. Àwọn kan bínú sí i nígbà náà. Èmi ò rí ohun tó burú níbẹ̀: ọmọ tó gba owó ìjọba tó sì fi ra ìwé, kí la fẹ́ kó ṣe tó ju ìyẹn lọ?

Nílé àwọn èèyàn tiwa tó wà lókè òkun náà, ọ̀rọ̀ yìí hàn kedere. Ọmọ tó wà ní Peckham tàbí Houston á mú káàdì ilé-ìkàwé rẹ̀, á yá manga, kò ní san kọ́bọ̀. Ọmọ àbúrò ìyá rẹ̀ tó wà ní Ìbàdàn, tí wọ́n jọ ń sọ̀rọ̀ lórí WhatsApp nípa ìtàn kan náà, kò ní ibi tó lè lọ.

Èyí tó kan wá jù lọ ni ti India. Èdè Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi ń ka manga níbẹ̀, bíi tiwa. Viz rí i pé iye Amẹ́ríkà kò lè tà níbẹ̀, wọ́n sì ń tẹ̀ ẹ́ nínú India fúnra rẹ̀, ní owó tó rọjú ju ti Amẹ́ríkà lọ. Pépà náà fẹ́lẹ́ díẹ̀ ju tòkè òkun lọ, àwọn òǹkàwé kan a sì máa ráhùn lórí rẹ̀, ṣùgbọ́n ìtàn kan náà ni, àwòrán kan náà ni. Ìwé yẹn ti wà. Kò sí ẹni tó tún ní láti túmọ̀ rẹ̀. Àdéhùn ẹ̀tọ́ ìtẹ̀wé tó pààlà sí agbègbè India ni kò jẹ́ kó kọjá síbòmíràn. Ẹ̀yin lẹ ni ẹ̀tọ́ náà níbẹ̀rẹ̀, ẹ̀yin lẹ sì lè sọ pé kí ààlà náà gbòòrò dé Nàìjíríà.

Mo mọ ohun tí ẹ ó sọ. Ẹ ó ní àwọn atẹ̀wé ayédèrú pọ̀ lọ́dọ̀ wa. Wọ́n pọ̀ lóòótọ́. Ìwé ilé-ẹ̀kọ́ àti ìwé ìtàn àwọn òǹkọ̀wé wa kò bọ́ lọ́wọ́ wọn. Síbẹ̀, Nàìjíríà ti ní òfin ẹ̀tọ́ oníṣẹ́-ọpọlọ tuntun, èyí tí Ààrẹ buwọ́ lù ní oṣù Kẹta 2023, àjọ tó ń rí sí i sì wà. Yàtọ̀ sí òfin, ibi tí ojúlówó kò bá sí ni ayédèrú ti ń jẹun jù. Ọmọ tó ń kọ orúkọ ẹni tó pẹ́ dá ìwé padà sínú èèpo Naruto kò fẹ́ ayédèrú. Ojúlówó ló ń fi kàléńdà bò.

Àwọn òbí kan náà yóò gbọ́ ọ̀rọ̀ yìí, wọ́n á ní ìwé òkùnkùn ni, nítorí wọ́n rí àwòrán ẹbọra àti iwin. Ẹ̀yin òbí, ohun tí ẹ ń bẹ̀rù yé mi, kò sì yẹ kí ọmọdé ka gbogbo rẹ̀ lóòótọ́. Bí wọ́n bá ń tẹ̀ ẹ́ lọ́nà tó tọ́, ẹ̀yìn ìwé ni wọ́n ti ń kọ irú ọjọ́ orí tó wà fún. Ìwé tó wà lórí tábìlì, ẹ lè ṣí i wò nígbàkúùgbà. Èyí tó wà lórí fóònù ọmọ ní òru, ta ló ń bá a ṣí i?

Ẹ̀yin aláṣẹ ilé-ìkàwé ìpínlẹ̀, ẹ wá àyè fún un lórí pẹpẹ yín. Ní Kyoto, ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ tí wọ́n ti tì pa ni wọ́n sọ di ilé àkójọ manga ní 2006. Ìdìpọ̀ bí 50,000 ló tò sára ògiri níbẹ̀, ẹnikẹ́ni lè fa èyí tó bá wù ú yọ, kó gbé e jáde lọ sórí koríko, kó jókòó kà á. A ní ilé-ìkàwé tí eruku ń jẹ nítorí pé kò sí ohun tó ń fa ọmọ ọdún mẹ́rìnlá wọbẹ̀.

Kì í ṣe kíkà nìkan ló wà nídìí ọ̀rọ̀ yìí. Láti 2012 ni wọ́n ti ń ṣe Lagos Comic Con, ẹni tó bá débẹ̀ á rí àwọn ọ̀dọ́ tó ń ya ìwé tiwọn. Roye Okupe kọ Iyanu, ìtàn ọmọbìnrin kan nínú ayé tó fara jọ ti Yorùbá àtijọ́, Godwin Akpan sì yà á. Dark Horse tó tẹ̀ ẹ́ ní 2021, Amẹ́ríkà ló wà. Bí ọjà ìwé alàwòrán bá dúró níbí, bí fẹ́ńdọ̀ bá mọ̀ ọ́n tà, bí ìsọ̀ ìwé bá ní pẹpẹ tirẹ̀, àwọn ọmọ wa tó ń yàwòrán náà á rí ibi gbé tiwọn sí. Tiyín ló máa la ọ̀nà náà.

Shueisha àti Shogakukan wà létí Jimbōchō, àdúgbò tí ìsọ̀ ìwé ti fara kanra ní Tokyo. Àwa náà ní Jẹ́ríkò ní Ìbàdàn, níbi tí àwọn ilé-iṣẹ́ atẹ̀wé ńláńlá wa wà. Mo mọ̀ pé pépà wọ́n, mo mọ̀ pé ọ̀pọ̀ atẹ̀wé wa ló ń gbé iṣẹ́ lọ sí India àti China nísinsìnyí. Nítorí náà, n kò ní kí ẹ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ẹ̀rọ tuntun. Ẹ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú èyí tó ti wà nílẹ̀. Ẹ yọ̀ǹda kí ìwé tí wọ́n ń tẹ̀ ní India wọ Nàìjíríà, kí àwọn olùtàwé wa gbà á ní iye tó rọjú. Tí ó bá tà, kí ẹ wá bá àwọn ará Jẹ́ríkò sọ̀rọ̀ nípa títẹ̀ ẹ́ níbí, lórí pépà hẹrẹhẹrẹ bíi ti Jump, kí fẹ́ńdọ̀ lè gbé e. Bí ọjọ́ kan bá sì dé tí ẹ fún wa láyè láti tẹ Doraemon ní èdè Yorùbá, pẹ̀lú àmì ohùn rẹ̀ pé pérépéré, àwọn ọmọ wa tí kò fẹ́ ka Yorùbá mọ́ á kà á.

Ẹ rán èèyàn yín wá wò wá. Kó má lọ sí hòtẹ́ẹ̀lì nìkan, kó dé ilé-ẹ̀kọ́ girama kan lásìkò ìsinmi ọ̀sán, kó sì béèrè lọ́wọ́ àwọn ọmọ ohun tí wọ́n ń kà. Lẹ́yìn náà, kó dúró lọ́dọ̀ fẹ́ńdọ̀ kan, kó bi í léèrè iye tó lè tà á kí ọjà má bàa kú mọ́ ọn lọ́wọ́. Ìwé kan ṣoṣo la fẹ́ kí ẹ kọ́kọ́ fi dán wa wò: ìdìpọ̀ kìíní One Piece, nínú ẹ̀dà ti India, àpótí mélòó kan péré, kó gba èbúté Àpápá wọlé. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi ránṣẹ́.

Èmi ni tiyín nítòótọ́,
Òǹkàwé yín kan ní Ìbàdàn.